Ọdún Tí Igbá Ìwọ̀n Fọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fi bídọ̀ omi yín síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ. Mo gbọ́ ariwo yín nídìí rọ̀bìnẹ́, ẹnu ẹ̀rọ omi yẹn, láàárọ̀ yìí, mo sì rí èyí tó ti ẹnìkejì rẹ̀ tí bídọ̀ fi yí lọ sínú ẹrẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹni náà. Ó mọ ara rẹ̀, ó ti ń wolẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín jà, okun ìjà ti tán lára mi. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yìí, tí mo ń wo bí omi ṣe ń tú jáde látẹnu irin, tí ẹ sì ń ti ara yín bí ẹni pé ó máa tán kó tó kàn yín, ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi díẹ̀. A ti ń pọnmi ní Manigri yìí kí wọ́n tó bí àwọn ìyá yín. A pọn ọ́n láìsí rọ̀bìnẹ́, láìsí kọ́kọ́rọ́, a kò sì ti ara wa ṣubú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí ẹ ti ara wọn jáde.

Ìsun wa wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lẹ́yìn ibi tí ẹ ti ń ṣa kajú báyìí. Kò sí kajú níbẹ̀ nígbà náà. Igbó ni, igi ọ̀gànwó kan sì wà lórí omi náà tí èèyàn mẹ́ta kò lè fọwọ́ gbá mú, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìsun Ọ̀gànwó. Omi náà ń ti abẹ́ òkúta jáde wá sínú kòtò kan tí àwọn baba wa fẹ̀ lójú. Kì í yára, kì í sì í dúró. Bí ẹ bá dákẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́ òkúta bí àgbàlagbà tó ń dá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin á dé, igbá á máa kan ẹnu ìkòkò, kó, kó, kó, ẹ̀rín á sì gba inú igbó. Ọkùnrin tó bá ń lọ sóko á mọ̀ látọ̀nà jíjìn bóyá omi pọ̀ tàbí kò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí bí omi bá pọ̀, ohùn wa á pọ̀. Lónìí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń kùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, n kì í gbọ́ ohun tí aládùúgbò mi ń sọ mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé ìyà kò sí níbẹ̀. Ẹ wo àárín orí mi, irun kò hù níbẹ̀ mọ́, ìkòkò ló jẹ ẹ́. Ọrùn mi ń sọ ìtàn tirẹ̀ fún mi ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn ju oyin lọ, ẹ bi í léèrè bóyá òun ló ń pọnmi nílé wọn.

Ohun tí mo fi ń yangàn ni bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin ń tò, ẹ sì ń ja ìjà ìlà. Àwa kì í tò. Òṣùká wa ló ń tò fún wa. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń hun òṣùká tirẹ̀, àwọn kan fi àkísà, àwọn kan fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, tí a bá ti rí i a ti mọ ilé tó ni ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á fi òṣùká rẹ̀ sórí òkúta gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni kejì á fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kóówá á sì padà lọ gbálẹ̀ tàbí lọ fọ́mọ lọ́mú. Ìgbà tó bá padà dé, ipò rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó ń sún òṣùká ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kan ewúrẹ́ jẹ òṣùká ìyàwó kan tán, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi hun ún. Ìyàwó náà dé, kò bá nǹkan kan, ó bú sẹ́kún pé òun lòun kọ́kọ́ dé. Gbogbo wa jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Ìyá tó ni ewúrẹ́ náà wà láàárín wa, kò janpata, ó gbé òṣùká tirẹ̀ kúrò, ó ní kí ìyàwó náà lo ipò òun, ó sì lọ dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bí ẹ̀rùn bá ń parí lọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, a máa ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ìsun. Ọjọ́ ìkó ẹrẹ̀ tóbi lójú wa bí ọjọ́ ọdún. Àwọn ọkùnrin á gbé ọkọ́, wọ́n á wọ inú kòtò lọ, àwọn obìnrin á fi agbọ̀n gbé ẹrẹ̀ náà jáde, orin á máa lọ lórí orin. Kì í ṣe àwa nìkan. Abúlé kan wà ní apá ọ̀nà Bassila tí àwọn Anii ń gbé, àwọn náà kò ní omi mìíràn lágbègbè wọn. Ní ọjọ́ ìkó ẹrẹ̀, àwọn náà á dé pẹ̀lú ọkọ́ wọn kí oòrùn tó yọ. Èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ ẹrẹ̀ kò mọ èdè. Òfin kan ṣoṣo ló so wá pọ̀, ọmọdé ló sì máa ń ké e: ọwọ́ tó kó ẹrẹ̀ ni yóò bu omi.

Bàbá ńlá yín, ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò ní bínú bí mo bá sọ èyí. Ọdún tó gbé mi níyàwó, ó fẹ́ kí n rí òun lọ́jọ́ ìkó ẹrẹ̀. Ó dé fìlà funfun, ó dúró sórí òkúta, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó wà nínú kòtò pé ẹ wa ibí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. Òkúta náà ń yọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí fìlà, mo tún gbójú sókè, n kò rí nǹkan kan mọ́. Inú ẹrẹ̀ ló ti bá ara rẹ̀, ó dé e lábíyá. Ọkùnrin Anii méjì ló fà á jáde. Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà, títí ó fi darúgbó, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Tí a bá jẹ iṣu tuntun, tí a fi omi ìsun náà se é, tí a sì gún un, àwo àkọ́kọ́ tó ń jáde nílé wa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yẹn ló ń lọ bá.

Ta ló wá ń ṣàkóso gbogbo èyí? Obìnrin ni. Ní ìjẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá síbí, bàtà rẹ̀ ń dán, ó pe ìpàdé, ó ní kí a yan komité tí yóò máa bójú tó omi, ó sì bẹ̀ wá pé kí a jọ̀wọ́ fi obìnrin sí i. Mo jókòó lẹ́yìn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ṣe bí ẹni tó ń mú nǹkan tuntun bọ̀. Ní ayé wa, ọkùnrin kò ní ẹnu nídìí ìsun, àfi ọkọ́. Ìyá kan tí àwọn obìnrin yàn ló wà nídìí rẹ̀, Ìyá Ìsun là ń pè é. Èyí tí mo bá níbẹ̀ kéré lára, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, àmọ́ ọba pàápàá kò jẹ́ rán ìránṣẹ́ kó lọ fo òṣùká ẹnikẹ́ni. Ìkòkò tó ti gun iná kò gbọdọ̀ kan omi náà, ọṣẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òkúta kan sì wà nínú kòtò tó ní ọrùn. Bí omi bá bo ọrùn rẹ̀, kóówá pọn ohun tó bá wù ú. Ọjọ́ tí ọrùn òkúta bá yọ síta, Ìyá Ìsun á gbé igbá ìwọ̀n jáde. Láti ọjọ́ náà títí òjò yóò fi rọ̀, igbá mẹ́ta ni ilé kọ̀ọ̀kan ń gbà, àwa á pọn lónìí, àwọn Anii á pọn lọ́la.

Ẹ wá gbọ́ ẹni tó ń di igbá náà mú, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ń lọ. Kì í ṣe Ìyá Ìsun. Kì í ṣe ọmọ onílé kankan. Ìyàwó tuntun tí ilé bàbá rẹ̀ jìnnà jù lọ ni. Àwọn àgbà rò ó dáadáa: ẹni tí kò tí ì ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ nínú ìlú, ta ló fẹ́ fi omi ṣe ojúsàájú fún? Ìyàwó tí a gbé ti ilé kejì wá, ọmọ ìyá rẹ̀ wà nídìí ìsun. Ìyàwó tí a gbé láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo ojú dọ́gba lójú rẹ̀. Doguè ni bàbá mi ti ń dáko, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi wá. Ní ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ọkọ mi ṣubú sínú ẹrẹ̀, òkúta yọ ọrùn, Ìyá Ìsun sì wá sílé wa ó gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí n bá fi ẹsẹ̀ sí. Èmi tí n kò lè pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ, tí gbogbo èèyàn ń rán níṣẹ́, èmi ni gbogbo ìlú ń wo ọwọ́ mi.

Ọdún náà le. Ọyẹ́ dé, kò lọ bọ̀rọ̀. Ewé iṣu gbẹ mọ́ igi rẹ̀, ilẹ̀ là, àwọn tó ń bọ̀ láti Pénéssoulou ń sọ pé kànga wọn ti di ẹrẹ̀. Ìsun wa kò gbẹ, àmọ́ ohun tó ń sun ní ọ̀sán kan àti òru kan kò ju ohun tó tó ìhà kan lọ. Bí àwa bá pọn tiwa, ó dọ̀la kí kòtò tó kún tó fún àwọn Anii. Bí ẹnì kan bá bù kọjá ìwọ̀n, ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní rí bù. Ìyá Ìsun ti ṣàlàyé èyí fún mi, mo sì rò pé ó yé mi.

Igbá náà ti pẹ́. Ó ti dúdú, inú rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá lò ó tán, kí n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Àmọ́ ní Doguè, igbá tí a bá fẹ́ràn, òrí la fi ń pa á, a ó sá a sóòrùn kó lè dán. Mo fẹ́ kí igbá ìlú dán lọ́wọ́ mi. Mo fi òrí pa á ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé e sórí òrùlé ilé ìdáná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Igbá tí kò mọ̀ ju omi lọ, mo fi fún oòrùn àti ọyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tiwa mo nawọ́ mú un, ó ṣe kẹ́ẹ́, ó là láti etí dé etí, ó sì di méjì mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Òṣùká ti tò lórí òkúta, àwọn obìnrin ti ń lọ. Mo wo inú ilé, mo rí igbá kan tí ìyá ọkọ mi fi ń bo ẹ̀kọ. Ó dúdú bí tọ̀hún, ó sì jọ pé wọ́n dọ́gba. Mo fi àkísà di èyí tó fọ́, mo tì í sábẹ́ ẹní mi, mo gbé tìyá ọkọ mi lọ sídìí ìsun. Mo wọn omi fún gbogbo Manigri lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó wo igbá. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, ọwọ́ mi sì tọ́. Mo rí i pé omi kòtò náà fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí a ṣe tán, mo sì sọ fún ara mi pé ọyẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì àwọn Anii dé. Igbá kan náà ni mo fi wọn tiwọn, mo sì ń gbàdúrà nínú. Wọn kò tí ì dé ìdajì tí igbá fi ń ha ilẹ̀. Obìnrin tó ń jẹ́ Mémúnà ló jẹ́ olórí wọn, ó ga, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa, ọjà ló ti kọ́ ọ. Ó wo ìsàlẹ̀ kòtò, ó wò mí. Ó sọ nǹkan kan fún àwọn èèyàn rẹ̀ lédè wọn. Àwọn tí kò rí omi bù gbé ìkòkò wọn, wọ́n sì dojú wọn dé lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìdí ìsun dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, wọ́n sì lọ. Kò sí ẹni tó nílò kí a túmọ̀ ìyẹn fún un. Ẹni tó bá dojú ìkòkò dé sí ọ̀nà ẹ, ó ní o ti fi omi dù ú, àti pé kò sí nǹkan tó tún pa yín pọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìlú ti gbóná. Àwọn ọkùnrin wa kan ní ìwọ̀sí ni, ta ló ni ìsun gan-an? Wọ́n ní kí a dínà ní ọ̀la kí Anii kankan má kọjá. Àwọn mìíràn ní àwọn Anii ló bù jù fúnra wọn tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo mọ òótọ́, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí ẹni tó ní akọ ibà. Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyàwó tó bá ba ìsun jẹ́, wọ́n lè di ẹrù rẹ̀ kí wọ́n sì dá a padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. N kò tí ì lo ọdún kan. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mo sì ń ronú pé bí mo bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìyá ọkọ mi ló mọ̀. Ó ń wá igbá tó fi ń bo ẹ̀kọ. Ó bá a lọ́dọ̀ mi, ó tutù. Kò pariwo, kì í ṣe obìnrin aláriwo. Ó jókòó sórí àpótí níwájú mi ó sì ní kí n sọ ọ́. Mo fa igbá tó fọ́ jáde lábẹ́ ẹní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, òrí, òrùlé, oòrùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbé e sọ nù.

“Bí o bá dákẹ́, ìyàwó mi ṣì ni ọ́,” ó wí. “Àmọ́ n kò ní lè wojú rẹ mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, wàá lọ sọ ọ́ fúnra rẹ. Èmi á wà lẹ́yìn rẹ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ tiwa, Ìyá Ìsun ti ní kí ẹnikẹ́ni má bù kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ó ti ránṣẹ́ sí Mémúnà. Wọ́n dé lóòótọ́, obìnrin bí ogún, àwọn ọkùnrin wọn dúró lókèèrè, tiwa náà dúró lókèèrè, kóówá pẹ̀lú igi lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ń lọ síbòmíràn. Mo jáde sáàárín. Mo gbọ́ mímí ìyá ọkọ mi lẹ́yìn mi, ìyẹn ló gbé mi dé iwájú. Mo kúnlẹ̀, mo gbé igbá méjèèjì sílẹ̀, èyí tó fọ́ àti èyí tí mo fi pààrọ̀ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Ìyá Ìsun kò bú mi. Ó ní kí wọ́n gbé ìda oyin àti okùn wá. Òun àti Mémúnà jọ fi ìda dí ojú ibi tó là, wọ́n fi okùn dì í pinpin, wọ́n sì bu omi kún un. Wọ́n wá da omi náà sínú igbá ìyá ọkọ mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ku bí ìka méjì kó tó kún. Ìka méjì péré. Àmọ́ ìka méjì nígbà mẹ́ta, nínú gbogbo ilé Manigri, ìyẹn ni omi tí àwọn Anii kò bá. Mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin tó wà lókèèrè ń sọ ọ́ fún ara wọn, igi ọwọ́ wọn sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mémúnà yíjú sí mi. “Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?”

Mo ní, “Nítorí pé ẹ̀yin la fi omi dù.”

Ìyá Ìsun wá dájọ́. Ó ní igbá ni mo fọ́, n kò fọ́ ìsun, àti pé omi gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Omi ọjọ́ náà, tó yẹ kó jẹ́ tiwa, ó ní kí àwọn Anii wá pọn ọ́n, gbogbo rẹ̀, kí Manigri má sì fọwọ́ kàn án. Àwọn kan nínú wa kùn. Ó wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ó rán ènìyàn lọ sílé rẹ̀ kó lọ mú odindi èso igbá kan tó ti gbẹ sórí àjà, tí wọn kò tí ì là. Ó ní kí Mémúnà dì í mú, òun fi ọ̀bẹ là á sí méjì ọgbọọgba, wọ́n ho inú rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́. Ìdajì kan lọ sọ́dọ̀ wọn, ìdajì kan dúró lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èyí kò ju ìkejì lọ. Omi tí a fi wọ́n bù korò fún bí ọjọ́ márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Mo rò pé ó ti parí, mo ń dúró kí wọ́n sọ ti ẹrù mi. Mémúnà ló sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kò gbà kí wọ́n lé ìyàwó yìí lọ. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni kí n máa wọn omi fún àwọn ní ọjọ́ tiwọn, kí Manigri náà sì wá yan ìyàwó kan nínú àwọn Anii kó máa wọn ti Manigri. Ìyá Ìsun rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀, ó ní ó ti di òfin. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, títí mo fi bímọ mẹ́rin. Obìnrin Anii ló ń wọn omi fún Manigri, èmi ọmọ Doguè ni mo ń wọn ti Anii. Mo gbọ́ èdè wọn títí mo fi ń fi í lálàá. A rí ẹ̀rùn tó le ju ìyẹn lọ lẹ́yìn náà, kò sì tún sẹ́ni tó dojú ìkòkò dé lójú ọ̀nà wa. Ẹ lọ bi àwọn tó ń kọ̀wé sínú ìwé ńlá bóyá wọ́n mọ komité tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa la ṣe é, àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti èso igbá kan. Mo ń fi í yangàn, màá sì máa fi í yangàn títí wọn yóò fi gbé mi lọ.

Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kò tí ì sí ìyangàn kankan nílé wa. Àwọn Anii pọn omi láti òwúrọ̀, Mémúnà fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, a sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀. Àmù wa kò ní ju gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi jókòó sí ìloro, kò ráhùn, àmọ́ mo rí i tó ń gbé itọ́ mì, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Bí oòrùn ṣe dé àárín orí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú àgbàlá. Mémúnà ni, ó ru ìkòkò, ó kún débi tí omi ń ta sí i léjìká. Kò dúró kí a kí òun. Ó lọ tààrà sídìí àmù wa, ó da omi náà sínú rẹ̀ títí ó fi kán tán.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́, ó fa apá mi sókè.

“Bu omi mu,” ó wí. “Ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀ sí wọn tiwa, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n.”

Mo kọ́kọ́ bù fún ìyá ọkọ mi. Ó mu ún, ó simi, ó sì na ìyókù sí mi. Ní ọjọ́ kejì, mo dúró nídìí Ìsun Ọ̀gànwó, mo wọn omi fún àwọn Anii láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n.